A Sin Ẹ̀gbọ́n Mi Pẹ̀lú Ojú Ewúrẹ́

Èmi ni mo fọ́ àbúrò mi lójú. Gbogbo àdúgbò wa ní Egbeda ló gbọ́ pé ó ṣubú lé ìgò, ohun tí wọ́n kọ sínú fáìlì rẹ̀ ní ọsibítù nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ọwọ́ ọ̀tún tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí ni mo fi gbá ìgò mọ́ ọn lójú, mo sì gbá a tagbára-tagbára, mo fẹ́ kó dùn ún... Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ka ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn níbí, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń lù, ẹni tó ń fẹ́ ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo sì máa ń bú wọn nínú ọkàn mi pé òmùgọ̀ ni wọ́n. Ó ti kàn mí báyìí. Tí ẹ bá bú mi tán, ẹ jàre, ẹ sọ ohun tí n óò ṣe fún mi, nítorí ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù.

Àwa mẹ́ta ni Màmá wa bí. Ará Èkìtì ni wá, iṣẹ́ ìjọba ló gbé bàbá wa wá sí Èkó, ó sì kọ́ ilé kékeré kan sí Egbeda kó tó kú, ibẹ̀ ni Màmá wà títí di òní. Ẹ̀gbọ́n wa, tí n óò kàn máa pè ní Bọ̀dá, jẹ́ tíṣà baọ́lọ́jì ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Igando. Èmi ni mo tẹ̀ lé e, Gowon Estate ni mò ń gbé, iṣẹ́ lábú, níbi tí a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara wò, ni mo sì ń ṣe ní ọsibítù ńlá kan tí n kò ní dárúkọ. Àbúrò wa, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Kúnlé, kò fẹ́ràn ìwé, ó kọ́ṣẹ́ alápatà, ó ń pa ewúrẹ́ tà ní Ikotun. Èmi àti Kúnlé la gbóná jù nínú ilé wa. Láti kékeré la ti máa ń jà bí ajá, ó ti fi ṣíbí gbígbóná jó mi létí rí, èmi náà ti bù ú jẹ níka rí, àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ̀dá ló máa ń là wá. Bọ̀dá kì í bínú, ìyẹn gan-an ló sì máa ń bí mi nínú.

Ojú òsì Bọ̀dá ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá ní òun ń rí nǹkan bíi kọ́tìnnì tí wọ́n fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, pé tí òun bá ń kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù, ìdajì ọ̀rọ̀ á sọnù. A rò pé gíláàsì ló nílò. Nígbà tí wọ́n fi iná yẹ ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ wò ní ọsibítù wa, wọ́n rí kókó kan níbẹ̀, dúdú bí ìdí ìkòkò. Jẹjẹrẹ ni, irú èyí tó máa ń hù láti ara ohun dúdú tó wà nínú ojú. Àwọn dókítà ń pe ara wọn wá wò ó, wọ́n ní àwọn òyìnbó ló sábà máa ń ṣe, pé àwọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i lára àwa adúláwọ̀. Wọ́n ń wò ó lọ wò ó bọ̀ bí ẹni ń wo ẹja ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú odò. Wọ́n ní kò sí oògùn tó lè ràn án, kí wọ́n tètè yọ ojú náà kí àrùn náà tó bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Wọ́n sì yọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́, Màmá kò sunkún. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ní kí wọ́n gbé ojú ọmọ òun fún òun. Ìyá ìjọ ni Màmá mi o, ìjọ Áńgílíkà, kì í pa ìsìn jẹ, ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn àgbà wa... wọ́n ní ènìyàn kì í lọ sọ́run lábọ̀ọ̀bọ̀, pé ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gé, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá ń lọ, kí wọ́n sin ín mọ́ ọn, kó má baà fi àbùkù padà wá sáyé. Bàbá tó bí bàbá wa, tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un. Màmá wá kọjú sí mi, ó ní èmi ni mo wà ní lábú, èmi ni kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò. Mo kúnlẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.

Kí n tó padà dé lábú, wọ́n ti gé ojú náà sí wẹ́wẹ́. Ọ̀gá wa, dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, ló gé e, ó ní irú rẹ̀ kì í bọ́ síni lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kó apá kan sínú àwọn ìgò pẹlẹbẹ tó ní omi pupa rẹ́súrẹ́sú nínú, omi tí a fi omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù sí, ó kó wọn sínú àpótí tó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà lè máa wà láàyè kí wọ́n sì máa bí sí i. Ó ní a óò máa dán oògùn wò lára wọn, a óò sì máa wá ohun tó bàjẹ́ nínú wọn lọ́hùn-ún, níbi tó kéré jù lọ, tí wọn kò fi mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dẹ́kun dídàgbà. Apá kan tó kù, ó dì í sínú yìnyín fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣe irú research bẹ́ẹ̀ lókè òkun. Ṣé n kò lẹ́nu ni? Ṣé n kò lè pariwo pé ojú ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, ẹ dúró ná? Abọ́ ni mo bá a dì mú. Kí n sọ òótọ́ fún yín, inú mi dùn. Ó ti ṣèlérí pé òun yóò rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ náà lókè òkun, mo sì ń fi ọkàn búra pé a óò rí oògùn kó tó di pé nǹkan náà dé ẹ̀dọ̀ Bọ̀dá. Bọ̀dá wà ní wọ́ọ̀dù lókè, tíṣà baọ́lọ́jì ni, ká ní mo gun àtẹ̀gùn lọ bi í ni, á rẹ́rìn-ín, á ní ẹ gé e jàre. N kò bi í. Nígbà tó bi mí pé kí ni wọ́n fi ojú òun ṣe, mo ní ó wà nínú ìgò. Ohun tí ì bá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, jíjí ni mo jí i.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sì yè. Wọ́n yè bí èpò. Láràárọ̀ ni mò ń wò wọ́n, wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò, dúdú, wọ́n ń tan ara wọn kálẹ̀. A da oògùn yìí sí wọn, a da tọ̀hún sí wọn. Èyí tó bá pa wọ́n a pa sẹ́ẹ̀lì rere tí a kó sí ẹ̀gbẹ́ wọn pẹ̀lú, èyí tó bá dá sẹ́ẹ̀lì rere sí, omi mímu ni lójú wọn. Mo máa ń bú wọn. Mo máa ń dá wà ní lábú, kí n máa ṣépè fún ìgò, ẹ ó kú, ẹ ó kú dandan, lẹ́yìn náà kí n rọra pààrọ̀ omi wọn kí ebi má pa wọ́n. Tí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì ní dísù, àpótí á tutù, wọ́n á kú kí a tó rí ohun tí à ń wá. Nítorí náà mo máa ń fi òjá de ìgò kan mọ́ ikùn mi lábẹ́ bùbá, nítorí ooru ara ènìyàn bá wọn mu. Mo máa ń gbé e wọ bọ́ọ̀sì báyẹn dé Egbeda.

Kò pé ọdún kan tí àrùn náà fi dé ẹ̀dọ̀ Bọ̀dá. Ikùn rẹ̀ wú, ojú kan tó kù pọ́n bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró òfeèfèé. Màmá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó ní kí n gbé ìgò náà wálé kó wà nítòsí. Ìgò wo? Mo gba Ikotun lọ sí ìsọ̀ Kúnlé. Ó fi orúnkún tẹ ewúrẹ́ kan mọ́lẹ̀ nígbà tí mo dé, ó dú u lójú mi, ẹ̀jẹ̀ ta sí mi ní bàtà. Mo ní orí rẹ̀ ni mo fẹ́. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ gbé e lọ jàre, ẹ fi se ọbẹ̀ fún Bọ̀dá, bóyá á rí i jẹ.” Mo gbé e dé lábú, mo fi sísọ́ọ̀sì yọ ojú òsì rẹ̀, mo jù ú sínú fọ́málínì, omi olóró tí a fi ń tọ́jú ẹran ara kó má baà rà, mo fi bébà wé ìgò náà yíká, mo fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ pa. Èmi tí mo kàwé o! Mo mọ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ènìyàn ní títóbi, kò wá sí mi lọ́kàn pé ihò àárín ojú ewúrẹ́ kì í ṣe róbótó bíi tiwa, ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ ni. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń gbé ọwọ́ lé ìgò yẹn láràárọ̀, tó ń ka Sáàmù sí i, tó ń bẹ Ọlọ́run nítorí ọmọ rẹ̀. Mo jókòó tì í, mò ń ṣe àmín.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Bọ̀dá kú, kò sì kú ikú ìrọ̀rùn. Ó ń bi ohun dúdú, ó ń fi orí gbá ògiri, Kúnlé tó lè dá ewúrẹ́ mẹ́ta dúró kò lè di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Iná ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta ní lábú, ìgò sẹ́ẹ̀lì kan wà lábẹ́ bùbá mi lọ́jọ́ náà. Bọ̀dá na ọwọ́ gbá mi ní àyà aṣọ mú, ọwọ́ rẹ̀ kan ìgò náà, ó bi mí pé kí nìyẹn. Mo ní oògùn ni. Ó ní, “Ó gbóná,” kò sì tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Ẹ bá mi wò ó... ó ń kú lọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ohun tó pa á ń bí sí i lára mi, èmi ni mo ń fi ooru ara mi tọ́ ọ.

Iwájú ilé la gbẹ́ sàréè sí, lábẹ́ fèrèsé Màmá. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, Kúnlé gba ìgò lọ́wọ́ Màmá, ó ní òun fẹ́ fi aṣọ funfun di ojú náà. Ó gbé e lọ sí ilé ìdáná ní ẹ̀yìn, ó ya bébà rẹ̀ kó lè fi ojú rí i kó sì dágbére. Mo gbọ́ tó pe orúkọ mi. Mo wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó gbé ìgò sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó tọ́ka sí ihò gbọọrọ àárín ojú náà, ó ní, “Ewúrẹ́ mi nìyí. Ewúrẹ́ tí mo pa lójú yín! Níbo ni ojú Bọ̀dá wà?” Mo ní kó rọra, àwọn èèyàn wà níta. Ó gbá mi létí, eyín kan bọ́ sí mi lẹ́nu, mo tutọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó fún mi lọ́rùn, ó fi orí mi gbá ògiri, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó ń bi mí, níbo ló wà, níbo ló wà, ìwọ obìnrin yìí. Mo sì sọ fún un. Inú bí mi, mo sọ ọ́ bí ẹni ń ṣépè, pé wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́, pé ìdajì rẹ̀ wà nínú ìgò ní lábú, ìdajì ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i. Ó ki ọmọ odó mọ́lẹ̀, ó fi là mí léjìká, mo gbọ́ bí eegun ṣe ró. Ìgò náà wà lórí tábìlì. Mo gbé e, mo gbá a mọ́ ọn lójú.

Ìgò fọ́. Fọ́málínì àti àfọ́kù wọ inú ojú òsì rẹ̀. Igbe tó ké, mo ti gbọ́ ọ rí, ní ìsọ̀ rẹ̀ ni, lẹ́nu àwọn ẹran rẹ̀. Mo rò pé á pa mí, kó sì pa mí ni mo fẹ́ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n Màmá ti ń kan ilẹ̀kùn, ó ń bèèrè pé kí ló fọ́, kí ló fọ́. Ẹ̀yin ènìyàn, Kúnlé kúnlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀ kiri láàárín àfọ́kù, ó rí ojú ewúrẹ́ yẹn, ó fi omi ṣàn án, ó wé e sínú aṣọ funfun, ó so ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ṣílẹ̀kùn, ó ní òun yọ̀, òun ṣubú lé ìgò, èmi náà yọ̀ níbi tí mo ti fẹ́ dì í mú. Ó mọ̀ pé tí Màmá bá gbọ́ òótọ́ láàárọ̀ yẹn, òkú méjì la óò sin. Ó fi ìró wé ojú rẹ̀, ó tẹ̀ lé pósí, ó dúró títí wọ́n fi bu erùpẹ̀ tó gbẹ̀yìn kí ó tó jẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ká ní ó tètè dé, bóyá ojú náà ì bá yè.

Ọdún mẹ́rin rèé. Kúnlé kì í bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn ìgò tó wà ní lábú wa ti kú, àpótí jó. Ìrìn-àjò òkè òkun kò ṣẹlẹ̀. Mo ní inú mi á tutù, àbí? Lóṣù tó kọjá lẹ́tà dé sọ́wọ́ ọ̀gá wa. Àwọn sẹ́ẹ̀lì Bọ̀dá tó wà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ṣì ń bí sí i, wọ́n ti rí i pé apá ńlá kan ti fò nínú àwọn okùn tín-ín-rín tí ogún ìran máa ń bá wá sínú ara, oògùn tuntun kan sì wà tó ń dẹ wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ bóyá ìbàjẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bá Bọ̀dá lágbà ni àbí a bí i mọ́ ọn. Kí wọ́n tó lè mọ̀, wọ́n nílò ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, tèmi nìkan kò sì tó. Ẹ ò mọ ohun tó bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà yẹn: tó bá jẹ́ pé a bí i mọ́ ọn ni, ọmọ rẹ̀ lè ti jogún rẹ̀. Bọ̀dá bí ọmọ kan, Tóyìn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀dọ̀ Màmá ló ń gbé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Àmì dúdú kékeré kan ti yọ nínú ojú òsì ọmọ náà. Dókítà ojú ní òun kò tíì lè sọ ohun tó jẹ́, kí a máa ṣọ́ ọ.

Mo lọ bá Kúnlé ní Ikotun. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹran nílẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀, lójú àwọn oníbàárà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀, ó gún òpó igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, ó dúró gbọn-in síbẹ̀. Ó ní ojú tí mo fọ́ yẹn kò jẹ́ kí òun sùn mọ́, pé dókítà ní kí wọ́n yọ ọ́ kó má baà ba èkejì jẹ́, wọ́n sì ti dá ọjọ́. Ó ní òun yóò gbà á nínú ìgò. Ó ní a óò fọ́ sìmẹ́ǹtì orí sàréè Bọ̀dá, a óò hú ohun tí mo sin síbẹ̀ kúrò, a óò fi ojú òun rọ́pò rẹ̀, ojú ènìyàn, ojú ọmọ ìyá rẹ̀. Èmi ni n óò fi ọwọ́ ara mi gbẹ́ ilẹ̀. Kí n tó gbé dígà sókè, kí n kúnlẹ̀ síwájú Màmá, kí n sọ ohun tí mo jẹ́ kó máa gbàdúrà lé lórí. Tí mo bá ṣe é, òun á fa ẹ̀jẹ̀ òun sílẹ̀, òun á sì bẹ Màmá kó fa tirẹ̀ náà. Tí n kò bá ṣe é, n kò ní rí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan.

Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára Màmá. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ sàréè yẹn, tó ń dúpẹ́ pé ọmọ òun lọ ní odidi. Tí mo bá sọ ọ́, ṣé n kò ní fi ẹnu mi pa ìyá mi? Tí n kò bá sọ ọ́, tí àmì ojú Tóyìn bá wá di ohun tó pa bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí n lọ jí ẹ̀jẹ̀ Màmá, kí n ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo fẹ́ fi ṣe? Ẹ wò ó, mo ti ronú rẹ̀! Mo ti mú abẹ́rẹ́ sínú báàgì mi rí lọ síbẹ̀, mo tún gbé e padà. Ṣé irọ́ ló máa gbà wá lọ́wọ́ irọ́ ni?

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, Màmá ránṣẹ́ pè mí. Ó ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yọ ojú Kúnlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó fún mi ní ìgò kan tó ti fọ̀ mọ́ tónítóní, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, “Ìwọ lo wà ní lábú. Bá mi tọ́jú ti Kúnlé náà, bí o ṣe bá mi tọ́jú ti ẹ̀gbọ́n rẹ.” Mo kúnlẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ìgò náà wà níwájú mi lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí... Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n ṣe?